Gálárì Èkó ní Sátidé kan: láti Marina dé Lẹ́kí

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Festac ni mò ń gbé, Èkó ni wọ́n bí mi sí, àmọ́ n kò wọ gálárì kankan rí láyé mi. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 14, kì í yé ya àwòrán, ó sì ti ń yọ mí lẹ́nu pé ká lọ. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún 10, bọ́ọ̀lù nìkan ló mọ̀. Ọjọ́ kan péré ni mo lè yọ sílẹ̀. Èwo ni ká lọ nínú wọn? Tí wọ́n bá rí i pé a ò wá ra nǹkan, ṣé wọn ò ní lé wa? N kò mọ ohunkóhun nípa iṣẹ́ ọnà o.

Ìdáhùn: Wọn ò ní lé yín. Mo fi èyí ṣáájú nítorí òun ló ń dá ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Gálárì tí mo fẹ́ rán yín lọ kì í gbowó ìwọlé, wọn kì í sì í béèrè iṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe. Ẹni tó jókòó nídìí tábìlì níbẹ̀ mọ̀ dájú pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wọlé kò ní ra nǹkan kan. Ọjà ni wọ́n ń tà lóòótọ́, àmọ́ wọ́n nílò èrò: ayàwòrán tí ẹnikẹ́ni kò rí iṣẹ́ rẹ̀ kò lè lórúkọ, ẹni tí kò bá sì lórúkọ, ọjà rẹ̀ ò ní tà. Ẹ kí wọn, ẹ kọ orúkọ yín sínú ìwé àlejò, kí ẹ máa wò ó lọ.

Èwo ni kí ẹ lọ ló le díẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ẹ bá bi ní Èkó, gálárì Nike ní Lẹ́kí ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Ẹ máa débẹ̀, àmọ́ ibẹ̀ ni kí ẹ parí sí. Ẹni tó bá fi Nike bẹ̀rẹ̀ á bá ẹgbẹẹgbẹ̀rún iṣẹ́ lára ògiri láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ojú rẹ̀ á ti kún kí ọ̀sán tó pọ́n, kò sì ní mọ ohun tí yóò fi ya èyí sọ́tọ̀ sí tọ̀hún. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe ni pé kí ẹ tọ ipasẹ̀ àríyànjiyàn kan. Ó ti tó ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú yìí ti ń bá ara wọn fà á: ṣé bí Òyìnbó ṣe ń ya àwòrán ni kí àwa náà máa yà á, àbí ọ̀nà tí àwọn baba wa fi ń gbẹ́ igi, tí wọ́n fi ń rọ idẹ, ni ká máa tọ̀? Gbogbo ibi tí mo fẹ́ rán yín lọ ló ní ohun tó sọ sí i. Ẹni tó ń gbọ́ àríyànjiyàn kò nílò ìwé ẹ̀rí kankan. Ẹ̀yin àtàwọn ọmọ á kàn máa wo ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ yín létí.

Àdúgbò yín gan-an wà nínú ìtàn náà. Wọ́n kọ́ Festac láti fi gba àlejò tó wá síbi àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú ní January sí February 1977. Ojú Ìdíà, ìyá ọba Bìní, ni wọ́n fi ṣe àmì àjọ̀dún náà, Erhabor Emokpae ló sì yà á. Ojúlówó ère náà, eyín erin ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, mùsíọ́ọ̀mù ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù ló wà. Nàìjíríà bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n yá wa fún àjọ̀dún yẹn, wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Ẹ sọ èyí fún àwọn ọmọ nínú ọkọ̀. Ọkọ̀ tí mo sì ń sọ ni reluwé Blue Line tó ń gbéra láti Mile 2 lọ sí Marina láti ọdún 2023. Káàdì Cowry ni wọ́n ń gbà, nítorí náà ẹ ti fi owó sí i lálẹ́ Fúráìdè. Ọkọ̀ náà á gba ẹ̀gbẹ́ National Theatre ní Ìgánmú kọjá, ilé ràgàjì tó dà bíi fìlà ṣọ́jà yẹn, tí wọ́n ti sọ lórúkọ Wole Soyinka báyìí. Emokpae yìí kan náà wà lára àwọn tó ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Ẹ kò ní bá sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ kankan pàdé títí ẹ ó fi dé Erékùṣù.

Ní Marina, ẹ béèrè ilé iṣẹ́ iná mànàmáná tí gbogbo wa ṣì ń pè ní NEPA. Ṣàngó dúró níwájú rẹ̀, ère idẹ tí Ben Enwonwu ṣe, tó ti wà níbẹ̀ láti 1964. Ẹ dúró lódìkejì ọ̀nà, kí ẹ ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin eléré bọ́ọ̀lù wa sọ ohun tó fi mọ̀ pé Ṣàngó ni. Kò sí kọ́bọ̀ tí ẹ máa san. Ọmọ Onitsha ni Enwonwu, ó sì mọ̀ pé tí ènìyàn bá fẹ́ fi ènìyàn ṣe àwòrán iná ní Èkó, ọ̀dọ̀ Olúkòso ló yẹ kó yà sí. (Ẹ má bi mí ìdí tí Ọba Kòso fi ń ṣọ́ ilé NEPA láti ọjọ́ yìí wá tí òkùnkùn kò fi kúrò nílé wa.)

Láti ibẹ̀, ẹ fẹsẹ̀ rìn gba Broad Street lọ sí Oníkan. Freedom Park wà lójú ọ̀nà. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ìjọba amúnisìn ni tẹ́lẹ̀. Herbert Macaulay ṣẹ̀wọ̀n níbẹ̀, Awólọ́wọ̀ náà wà níbẹ̀. Láti 2010 ló ti di ọgbà ìgbafẹ́, gálárì kékeré kan sì wà nínú rẹ̀. Bí àwọn ọmọ bá fẹ́ jókòó, kí wọ́n jókòó níbẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ máa lọ.

Nígbà tí ẹ bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ King's College, ẹ rọra rìn, nítorí agbègbè yìí ni àríyànjiyàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Aina Onabolu, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, tí wọ́n bí ní 1882, fi ojú ara rẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya ènìyàn kó jọ ènìyàn, ó ń wò ó nínú ìwé Òyìnbó. Ní 1906 ó ya àwòrán ìyáàfin Spencer Savage, ọmọ Èkó, àwòrán náà sì di gbajúmọ̀ títí dòní. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ Òyìnbó ló gbà pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò sí lọ́wọ́ adúláwọ̀. Onabolu lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1920, ó kọ́ ọ tán, ó padà sílé, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé káàkiri Èkó, King's College wà lára wọn. Iṣẹ́ pọ̀ jù fún ènìyàn kan. Ó bẹ ìjọba pé kí wọ́n bá òun wá olùkọ́ mìíràn láti òkè òkun, wọ́n sì mú Kenneth Murray wá ní 1927.

Ibi tó ti dùn nìyí. Onabolu, tó jẹ́ Ìjẹ̀bú, ń kọ́ àwọn ọmọ ní ọ̀nà Òyìnbó: bí ohun tó jìnnà ṣe ń kéré, bí òjìji ṣe ń bọ́ sílẹ̀, bí ẹran ara ṣe ń dán. Murray, tó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ní kí wọ́n gbé ìyẹn jù sílẹ̀. Ó ní ère ìyá wọn àti ẹ̀kú bàbá wọn ni kí wọ́n lọ wò, kí wọ́n wá ìgbésí ayé abúlé wọn yà. Ẹni tó fẹ́ fi hàn pé a lè ṣe ohunkóhun tí wọ́n ń ṣe, àti ẹni tó ní kí la fẹ́ fi tiwọn ṣe. N kò mọ̀ bóyá ẹnì kan nínú wọn ló jàre pátá. Èmi a máa gbè sẹ́yìn Onabolu ju bí ọ̀pọ̀ ṣe ń gbè é lọ, torí ó rọrùn fún Murray láti ní kí a pa ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù tì. Kò sí ẹni tó sọ fún òun rí pé kò lè ṣe é. Ẹ bi ọmọ yín obìnrin léèrè ohun tó rò. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé YouTube ló ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ya ojú, ọ̀rọ̀ náà sì kàn án tààrà.

Mùsíọ́ọ̀mù ní Oníkan ni Murray fi dá wa lóhùn. Ó lo ọ̀pọ̀ ọdún láti kó ère àti ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jọ káàkiri ilẹ̀ yìí kí wọ́n má bàa kó gbogbo rẹ̀ lọ tán, ilé náà sì ṣí ní 1957. Àmọ́ kí ẹ tó wọlé, ẹ wo ère tí wọ́n ń pè ní Anyanwu níwájú rẹ̀. Obìnrin tín-ín-rín ni, idẹ, bí ẹni pé ó ń ru sókè láti inú ilẹ̀. Enwonwu náà ló ṣe é, ní àárín àwọn ọdún 1950. Ọmọ iléèwé Murray ni Enwonwu. Murray kó iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ ti àwọn ọmọ iléèwé yòókù lọ pàtẹ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1937. Enwonwu wá lọ kàwé lọ́hùn-ún fúnra rẹ̀, ó sì padà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì: orí obìnrin yìí, ti Bìní ni, bí ara rẹ̀ ṣe gùn tó sì fẹ́ẹ́rẹ́, ẹni tó ti jókòó ní kíláàsì Òyìnbó ló lè ṣe é bẹ́ẹ̀. Irú rẹ̀ kan wà ní ilé Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní New York, Nàìjíríà fi ta wọ́n lọ́rẹ ní 1966. Ẹ yí i po. Ère kì í ṣe àwòrán tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, ẹ̀yìn rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bí iwájú rẹ̀.

Nínú ilé, ẹ má gbìyànjú láti rí gbogbo rẹ̀. Mọ́tò Mercedes tí wọ́n pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed sínú rẹ̀ ní February 13, 1976 wà níbẹ̀, tòun ti ihò ọta ìbọn. Ibẹ̀ ni ọmọ yín ọkùnrin yóò ti jí. Ẹ wá béèrè bóyá orí amọ̀ Jemaa wà níta lọ́jọ́ náà. Iṣẹ́ àwọn ará Nok ni, àwọn ará àtijọ́ kan ní àárín gbùngbùn Nàìjíríà, ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún. Nígbà tí wọ́n wú u jáde nílẹ̀ nínú àwọn ọdún 1940, akọ̀wé kan níbi ìwakùsà gbé e lọ sílé, ó fi ṣe orí aṣọ́komásùn nínú oko iṣu rẹ̀ kí ẹyẹ má bàa sún mọ́ ọn. Ó wà lóko fún ìgbà díẹ̀ kí ẹnì kan tó rí i tó sì mọ ohun tí ojú òun ń wò. Kò sí ọmọdé tí kò fẹ́ràn ìtàn yẹn.

Ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mùsíọ́ọ̀mù ni John Randle Centre, ilé àṣà àti ìtàn Yorùbá, níbi tí adágún ìwẹ̀ tí Dókítà Randle kọ́ fún ará Èkó ní 1928 wà. Wọ́n ń gbowó níbẹ̀, ẹ yẹ iye rẹ̀ wò lórí fóònù kí ẹ tó kúrò nílé. Bí owó tàbí àkókò ò bá gba méjèèjì, mùsíọ́ọ̀mù ni kí ẹ mú. Randle á ṣì wà níbẹ̀ nígbà ìsinmi iléèwé. Ẹ wá jẹun. Ọbáléndé kò jìnnà, àwọn ìyá olóúnjẹ wà níbẹ̀ tí wọn kì í fi ẹran ṣe ahun. Terra Kulture ní Victoria Island náà ní oúnjẹ, ó ní gálárì, ó sì ní ilé eré, àmọ́ owó oúnjẹ ibẹ̀ tó ra páànù ọ̀dà kan fún ọmọ yín.

Lẹ́yìn oúnjẹ, Ìkòyí. Níbí ni ẹ ó ti nílò Bolt tàbí Uber, torí àwọn gálárì ibẹ̀ wà láàárín ilé àwọn olówó, ọkọ̀ èrò kì í gba ibẹ̀. Mẹ́ta ni mo lè tọ́ka sí: Mydrim, tó ti wà láti 1992, Rele, tí Adenrele Sonariwo dá sílẹ̀ ní 2015, tó ń gbé àwọn ọ̀dọ́ tí orúkọ wọn kò tíì dún jáde lọ́dọọdún, àti gálárì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ “kó”, lórí Cameron Road, tó ń fi iṣẹ́ àwọn àgbà hàn pẹ̀lú ti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀. Ẹ mú méjì. Ẹ fóònù wọn láàárọ̀ ọjọ́ náà, nítorí láàárín ìpàtẹ kan sí òmíràn, ògiri máa ń ṣófo, ilẹ̀kùn á sì wà ní títì. Ìdí tí mo ṣe ní Sátidé nìyẹn pẹ̀lú: ní Sọ́ńdè, ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣí.

Ní Ìkòyí ni ẹ ti máa gbọ́ ohùn kẹta nínú àríyànjiyàn náà. Ní 1958, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà kan ní Zaria kóra jọ, wọ́n ní ti Onabolu nìkan ò tó, ti Murray nìkan ò tó. Kí a mú èyí tó dára níbẹ̀, kí a mú èyí tó dára níbí, kí a pò ó pọ̀. Uche Okeke, Demas Nwoko, Bruce Onobrakpeya àti Yusuf Grillo wà lára wọn. Bí ẹ bá ṣe kòńgẹ́ iṣẹ́ Grillo kan lára ògiri, ẹ dúró. Ọmọ Èkó ni, wọ́n bí i ní 1934, ó sì kọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Yaba Tech. Àwọn obìnrin rẹ̀ gùn, gèlè wọn le kókó, gbogbo rẹ̀ sì gé ségesège bíi gíláàsì. Ẹ wá wo àwọ̀ búlúù yẹn. Ẹni tó bá ti rí aró nínú ìkòkò rí yóò mọ ibi tí búlúù náà ti wá, àmọ́ bí ó ṣe gé ara ènìyàn sí wẹ́wẹ́ yẹn, iléèwé ló ti kọ́ ọ. Níbẹ̀ ẹ ó rí ohun tí wọ́n ń pè ní pípò pọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣàlàyé.

Bí a ṣe ń wò ó: ẹ má kọ́kọ́ ka ìwé pẹlẹbẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ wo iṣẹ́ náà tán, kí ẹ jìnnà sí i, kí ẹ sún mọ́ ọn (ẹ má fọwọ́ kàn án o), kí oníkálukú sọ ohun kan tó rí tí ẹnì kejì kò rí. Ẹ̀yìn náà ni kí ẹ wá ka orúkọ àti ọdún. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ mú ìwé àti pẹ́ńsù dání, kí wọ́n yan iṣẹ́ kan péré ní ibì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n yà á. Ọmọ tó ń ya àwòrán máa ń rí nǹkan tí ẹni tó ń fi fóònù ya fọ́tò kò rí. Ní ti fọ́tò, ẹ béèrè kí ẹ tó yà á.

Ẹ má tijú láti béèrè iye owó. “Ẹ jọ̀ọ́, èló ni èyí?” kò bí wọn nínú, ìwé owó wà lórí tábìlì wọn, wọ́n á nà án sí yín. Bí ẹ bá rí àmì róbótó pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ kan, wọ́n ti ra ìyẹn. Iye owó náà á yà yín lẹ́nu, ó sì lè jẹ́ ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ: ní 1974 Enwonwu ya Adétutù Adémilúyì, ọmọ ọba Ilé-Ifẹ̀, ó sọ àwòrán náà ní Tutu. Ó sọnù fún ọ̀pọ̀ ọdún, ilé àdáni kan ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti wá rí i, wọ́n sì lù ú ní gbàǹjo ní 2018 ní ohun tó lé ní mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn. Bí ẹ bá wá fẹ́ ra nǹkan lọ́jọ́ kan láìjẹ́ olówó, ẹ béèrè iṣẹ́ tí wọ́n fi àtẹ̀ tẹ̀, irú èyí tí Onobrakpeya fi lórúkọ. Ayàwòrán máa ń tẹ ẹyọ mélòó kan, á kọ nọ́ńbà sí ìsàlẹ̀: 7/50 túmọ̀ sí ìkeje nínú àádọ́ta. Nítorí pé kì í ṣe ẹyọ kan ṣoṣo, owó rẹ̀ máa ń wálẹ̀ gan-an, iṣẹ́ ọwọ́ ayàwòrán náà sì ni. Ẹ gba ìwé ẹ̀rí pẹ̀lú rẹ̀.

Nígbà tí ó bá di nǹkan bí aago mẹ́ta, ẹ gba afárá Ìkòyí sí Lẹ́kí, kí ẹ lọ sí Ìkátẹ̀. Ní Nike, wọ́n ní iṣẹ́ tó wà nínú ilé náà lé ní 8,000, mo sì gbà wọ́n gbọ́. Ẹ máa gun àtẹ̀gùn, ẹ má dúró jù ní ìsàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ohun tó wà níbẹ̀ ò ní wù mí gbé sílé, kí n má purọ́. Àwòrán ọjà àti ti ẹlẹ́ṣin tí àlejò fẹ́ràn láti rà pọ̀ níbẹ̀. Àmọ́ iṣẹ́ gidi wà láàárín wọn, ẹ̀yin tí ẹ ti Oníkan àti Ìkòyí bọ̀ á sì ti ní ojú tí ẹ fi máa ṣà á.

Aṣọ ni kí ẹ fi parí. Olóyè Nike Davies-Okundaye, ọmọ Ògìdì nílẹ̀ Ìjùmú, kò lọ sí iléèwé Onabolu tàbí ti Murray. Ọ̀dọ̀ àwọn ìyá àgbà ilé rẹ̀ ló ti mọ aró, Òṣogbo ni orúkọ rẹ̀ ti jáde, ní 1983 ló sì dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ láti máa fi iṣẹ́ kọ́ ènìyàn. Nínú àríyànjiyàn ọjọ́ yín, òun ni ẹni tó ń bi wọ́n léèrè pé: ta ló sọ fún yín pé àwọn obìnrin kò ti máa yàwòrán láti ọjọ́ pípẹ́? Ẹ wá adìrẹ ẹlẹ́kọ níbẹ̀, èyí tí wọ́n fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ gbágùúdá sára rẹ̀ kí wọ́n tó rẹ ẹ́ láró. Ẹ wá ọnà adìrẹ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn, kí ẹ fi àwọn òpó gbọ̀ngàn Mápó tó wà lára rẹ̀ han àwọn ọmọ. Ẹ wá ọnà Olókun. Ẹ wá adìrẹ oníko, tí wọ́n fi ìko dì, kí ẹ fi wé ẹlẹ́kọ. Ó ṣeé ṣe kí irú rẹ̀ wà nínú àpótí ìyá yín. Bí Olóyè bá wà nílé, ó máa ń jáde kí àlejò fúnra rẹ̀, àwọn ọmọ sì lè bi í ní ìbéèrè.

Ẹ kúrò ní Lẹ́kí kí ó tó di aago márùn-ún ààbọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ó kà á ní ìnṣì ní ìnṣì dé Marina, ẹ sì ti mọ bí reluwé ṣe máa ń kún.

Ẹ ó rí i pé mo fo àwọn ibì kan. Mùsíọ́ọ̀mù Yemisi Shyllon ní Pan-Atlantic University dára púpọ̀, àmọ́ Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí ló wà, ọjọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni. CCA (Centre for Contemporary Art), ilé iṣẹ́ ọnà òde òní ní Yábàá, tí Bisi Silva dá sílẹ̀ ní 2007, wà fún ọmọ yín obìnrin tó bá dàgbà sí i, torí ilé ìkàwé rẹ̀. Ẹ lè pa á pọ̀ mọ́ ṣọ́ọ̀ṣì St. Paul's ti Kátólíìkì ní Èbúté Mẹ́tta, níbi tí Onobrakpeya ti ya Ọ̀nà Àgbélébùú sára ògiri ní àwọn ọdún 1960, tó sì fi ọnà adìrẹ sára aṣọ àwọn ènìyàn inú rẹ̀. Ẹ má lọ síbẹ̀ ní àárọ̀ Sọ́ńdè, àyàfi tí ẹ bá fẹ́ jókòó gbọ́ Máàsì tán.